AppleTree àbí Elsie Stokes? Ìfiwéra fún ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ní DC

Àbúrò mi obìnrin pè mí lóṣù Kejì, ilẹ̀ ti ṣú, kò tiẹ̀ kí mi délẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni kí n fi ṣe nọ́mbà kìíní?" Mo ti mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin máa pé ọdún mẹ́ta lóṣù Kẹjọ, fọ́ọ̀mù lọ́tìrì My School DC, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń pín àyè skúùlù ìjọba, máa tì níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ó sì ti ṣa gbogbo skúùlù charter tó wà lọ́kàn ẹ̀ títí ó fi ku méjì: AppleTree, àti Elsie Whitlow Stokes, apá Faransé. Wákàtí méjì la fi sọ ọ́ lórí fóònù. Ohun tá a sọ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ohun tójú èmi fúnra mi ti rí lórí ọmọ méjì, ni mo ń kọ síbí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Washington DC ló máa dé oríta yẹn, tí wọn ò sì ní rẹ́ni fi Yorùbá bá wọn sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tí àwọn méjèèjì fi jọra kúrò nílẹ̀. Charter ni wọ́n, ìyẹn ni pé owó ìjọba ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tiwọn ló ń darí wọn, kì í ṣe DCPS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń darí àwọn skúùlù àdúgbò. Òbí kì í san owó skúùlù. Kò sí ìdánwò àbáwọlé, kò sí pé ẹ mọ ẹnì kan, lọ́tìrì ni. DC ṣòfin jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin lọ́dún 2008, ìdí nìyẹn tí ọmọ tó bá ti pé mẹ́ta kó tó di 30 oṣù Kẹsàn-án fi lè wọ PK3, kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ò ní. Ọmọ tó ṣì ń lo pampas ò ní tìtorí ẹ̀ pàdánù àyè. Àmọ́ aftercare, ìyẹn wákàtí tí wọ́n máa fi bá yín mú ọmọ dání lẹ́yìn tí skúùlù bá ti jáde, ìyẹn sábà máa ń gba owó, ẹ béèrè iye ẹ̀ lọ́wọ́ skúùlù kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ohun kan náà tún ni pé inú DC lẹ gbọ́dọ̀ máa gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Hyattsville tàbí Silver Spring, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n yín lò. Wọ́n máa ń wádìí ẹ̀, tó bá sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ owó gbogbo ìgbà tí ọmọ fi wà níbẹ̀ lẹ máa san padà.

Ó yá, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

AppleTree, ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin nìkan ni wọ́n ń gbà. PK3, PK4, ó parí. Wọ́n ní ẹ̀ka káàkiri ìlú, ọ̀kan wà ní Columbia Heights níbi tí àbúrò mi ń gbé. Èmi fẹ́ràn irú skúùlù bẹ́ẹ̀ gan-an, mi ò ní parọ́, torí pé níbi tó bá jẹ́ ọmọ kékeré nìkan ló wà, ọmọ kékeré ni gbogbo èèyàn ibẹ̀ ń rò láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ọmọ kíláàsì karùn-ún tó máa sáré gbá a lulẹ̀ ní kọ́rídọ̀, kò sí ọ̀gá skúùlù tí ìdánwò àwọn ọmọ ńlá ti gbà lọ́kàn. Wọ́n tún ní ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n fúnra wọn ṣe, Every Child Ready lorúkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀, lẹ́tà, nọ́mbà, bí ọmọ ṣe ń bá ẹlòmíì gbé, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n tò sínú ẹ̀.

Àkọ́bí mi lọ sí skúùlù kékeré kan bíi tìyẹn, kì í ṣe AppleTree, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré náà ni tiwọn. Oṣù kẹta tó débẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo kàn gbójú sókè, ọmọ ti ń fi ẹ̀wà to nǹkan, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ẹ̀ ló tò sílẹ̀ yẹn, ó gún régé. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó ṣe é. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò tíì gbàgbé tíṣà tó kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì yẹn tán. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ọmọ ti fẹ́ wọ kindergarten, kíláàsì ọmọ ọdún márùn-ún, a tún padà sínú lọ́tìrì bí ẹni tí ò wọ̀ ọ́ rí, a mú skúùlù mẹ́fà, kò sí èyí tó mú wa nínú wọn. A gbé e lọ sí skúùlù DCPS àdúgbò wa, èyí tí ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí láti kindergarten láìsí lọ́tìrì, skúùlù náà ò sì burú. Kìkì pé ọmọ ń béèrè tíṣà ẹ̀ àtijọ́ títí di Kérésì, ó ní ìgbà wo la máa padà sí "skúùlù mi". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mú skúùlù ọlọ́dún méjì, ẹ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní pé ìgbà tọ́mọ bá wà ní PK4 ẹ máa tún wọ lọ́tìrì, kẹ́ ẹ sì lọ wo skúùlù àdúgbò yín láti ìsinsìnyí, kó má jẹ́ pé ìpáyà ló máa gbé yín débẹ̀.

Stokes ní tiẹ̀, láti PK3 títí dé kíláàsì karùn-ún ni. Ọdún 1998 ló ṣí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Linda Moore ló dá a sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ìyá ẹ̀ tó jẹ́ tíṣà pè é. Ọgbà méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ní Brookland, ọ̀kan ní East End lápá Ward 7. Èdè méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Faransé, tàbí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Spáníìṣì, òbí ló máa mú èyí tó fẹ́ látinú fọ́ọ̀mù lọ́tìrì. Ẹ fọkàn sí i níbí o, torí Faransé lọ́tọ̀, Spáníìṣì lọ́tọ̀, ọgbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má ṣèèṣì kọ èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́. Tọ́mọ bá parí níbẹ̀, ó ní ọ̀nà láti bọ́ sí DC International, tí wọ́n ń pè ní DCI, skúùlù kíláàsì kẹfà dé ìkejìlá tó ṣí lọ́dún 2014, tó wà lórí ilẹ̀ Walter Reed àtijọ́. Skúùlù elédè méjì márùn-ún ló ń fi ọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀, Stokes wà lára wọn. Ìyẹn ni pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí orí bá bá ṣe é lónìí, ó lè má rí lọ́tìrì mọ́ títí á fi jáde háískúùlù.

Ọmọ mi kejì wà ní kíláàsì elédè méjì, kì í ṣe ní Stokes, nítorí náà mo mọ bí ó ṣe ń rí. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ lọ wò wọ́n, wọ́n ní ká jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ọmọkùnrin kan da omi sílẹ̀, ó wojú tíṣà, ó bú sẹ́kún. Tíṣà ò sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé iwájú ọmọ, ó ń fi Faransé rọra bá a sọ̀rọ̀, ó nawọ́ sí àkísà, ó tún sọ ọ́, ó nawọ́ sí ilẹ̀. Ọmọ nu ojú, ó lọ mú àkísà wá. Nígbà tó nu ilẹ̀ tán ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ Faransé ni, tíṣà pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi yíjú sí mi, ó ní "bí ìyá mi ṣe kọ́ èmi náà ní Yorùbá nìyẹn."

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òdì kejì ẹ̀. Oṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́, ọmọ lè dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá béèrè ohun tí wọ́n ṣe ní skúùlù, kò ní mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Àwọn òbí mìíràn á bẹ̀rù, wọ́n á ní wọ́n ti ba ọmọ jẹ́, wọ́n á sì gbé e kúrò lóṣù Kejìlá, ìgbà tí etí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè mú sùúrù yẹn, AppleTree ni kẹ́ ẹ fi sókè, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi béèrè pé ṣé èdè mẹ́ta ò ní dàrú mọ́ ọmọ lọ́kàn, Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní skúùlù. Mo ní kó bi ọkọ ẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni ọkọ ẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sọ Yorùbá, ó sọ Gùn, ó sọ Faransé, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó fi ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí gbogbo ọmọ àdúgbò wọn ṣe ń ṣe náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó pè é ní ìdàrúdàpọ̀. Faransé tiẹ̀ wúlò fún ọmọ yẹn lọ́nà tí kò lè wúlò fún ọmọ tèmi, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ wà ní Kútọnu, òun náà á lè bá wọn ṣeré tó bá lọ lọ́lidé, bàbá ẹ̀ á sì lè bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ibì kan wà tí mo ti dá a lóhùn ṣinṣin. Ó ní torí kí ọmọ lè máa bá ìyá ọkọ òun sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lòun ṣe fẹ́ Faransé. Mo ní rárá o, màmá yẹn ń gbọ́ Yorùbá! Yorùbá ni ọmọ máa fi bá màmá sọ̀rọ̀, kò sì sí charter kankan nínú méjèèjì tó máa bá ẹ kọ́ ọ, ìwọ àti ọkọ ẹ lẹ máa ṣe é, lórí oúnjẹ, nínú balùwẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ bàtà fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí lọ́kàn torí àkọ́bí tèmi ń gbọ́ Yorùbá ni, kì í fi fèsì, ẹ̀bi mi sì ni, mi ò ní dá skúùlù kankan lẹ́bi ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á wo skúùlù lórí fóònù, wọn ò ní wo ojú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì skúùlù aláwọ̀ ìyeyè tẹ́ ẹ ń rí yẹn, àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe ló wà fún jù lọ, charter kì í sábà fi ọkọ̀ gbé ọmọ. Káàdì tí àwọn ọmọ skúùlù fi ń wọ Metro lọ́fẹ̀ẹ́, láti ọmọ ọdún márùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé márùn-ún ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a wọ̀ ọ́ máa sanwó, ní àlọ, ní àbọ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó, agogo méje ló ń jáde. Láti ilé ẹ̀ sí AppleTree, ẹsẹ̀ ló máa fi gbé ọmọ lọ. Láti ilé ẹ̀ sí Brookland, bọ́ọ̀sì ni, nínú òtútù oṣù Kìíní, pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sunkún pé ìbọ̀wọ́ òun ti jábọ́, ìyá náà kò sì tíì fojú kan oorun. Mo ní kó dán an wò lọ́jọ́ iṣẹ́ kan, kó gbé ọmọ, kó wọ bọ́ọ̀sì yẹn láago méje àbọ̀ gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ó dán an wò. Ó pè mí padà, ó ní òun lè ṣe é tí ọkọ òun bá ń gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọkọ gbà.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè tó tóbi jù tí mo bi í ni pé, ọdún mélòó lẹ ṣì fẹ́ gbé DC? Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí pẹ̀lú àwa Yorùbá níbí. Ẹ máa rẹ́ǹtì ní DC, ẹ máa tójú owó, ọmọ á di méjì, ẹ óò ra ilé sí Bowie tàbí Upper Marlboro. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó lọ Maryland, àyè yín ní charter DC ti lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ máa kó lọ, kí lẹ fẹ́ torí ẹ̀ fi ọmọ sínú Faransé tí kò ní dúró kọ́ tán? Skúùlù ọlọ́dún méjì bíi AppleTree bá irú ìgbé ayé yẹn mu rẹ́gí, ọmọ á parí níbẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ kindergarten ní Maryland pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ní ilé ní DC, tàbí rẹ́ǹtì yín dúró dáadáa, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò lọ síbì kankan, Stokes ni mo máa fi ṣe nọ́mbà kìíní láìronú lẹ́ẹ̀mejì, torí skúùlù elédè méjì, ìbẹ̀rẹ̀ ló dáa kéèyàn ti wọ̀ ọ́, bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ni wíwọlé ń le sí i.

Èyí tó ya àbúrò mi lẹ́nu ni pé kò pọn dandan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Skúùlù méjìlá lẹ lè kọ sórí fọ́ọ̀mù kan náà. Ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ jù lọ sókè, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀lé e, bó ṣe wà lọ́kàn yín gan-an. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ fi skúùlù tó rọrùn láti wọ̀ sókè kẹ́ ẹ má bàa pàdánù, irọ́ ni, ẹ̀rọ lọ́tìrì yẹn ò fìyà jẹ ẹni tó kọ ohun tó fẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí ìkejì mú, ẹ ṣì wà lórí waitlist, ìyẹn orúkọ àwọn tó ń dúró de àyè, ní èyí tẹ́ ẹ fi sókè ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á yọ yín lórí gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Bẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lóṣù Kejìlá o, bó jẹ́ ọjọ́ tó máa tì o, ọ̀kan náà ni, àwọn tó bá pẹ́ jùyẹn lọ ló ń lọ sẹ́yìn gbogbo èèyàn. Tí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá sì ti wà ní skúùlù náà, àbúrò ní àǹfààní, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí wọn léraléra, ẹ rò ó mọ́ àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ wo owó skúùlù náà pẹ̀lú, ìyẹn ni pé ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró nílẹ̀. Lóṣù Kẹjọ 2024, Eagle Academy, charter tó gba ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré, tilẹ̀kùn nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí skúùlù wọlé, torí owó, àwọn òbí wá ń wá àyè kiri. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso charter ní DC, DC Public Charter School Board, máa ń gbé ìwé ìnáwó skúùlù kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ayé, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti wò ó lórí fóònù. Ẹ tún wo DC School Report Card, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ CLASS sí, àyẹ̀wò bí tíṣà ṣe ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ni, láti 1 dé 7. Nọ́mbà ti ìkọ́ni sábà máa ń kéré ju ti ìfẹ́ni àti ètò kíláàsì lọ níbi gbogbo, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ẹ kàn fi skúùlù méjèèjì wé ara wọn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ fún ara yín, ẹ ka orí ọmọ. Ọmọ mẹ́rìndínlógún sí àgbà méjì ni DC kà sí dáadáa fún PK3. Ẹ wo ojú tíṣà nígbà tí ọmọ bá ń sunkún. Ẹ béèrè bóyá tíṣà ọdún tó kọjá ṣì wà. Tí ọmọ yín ò bá tíì máa sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ má tijú, tí ọmọ bá ti wọlé síbẹ̀, skúùlù charter fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn kọ ìwé béèrè sí wọn kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Àbúrò mi kọ Stokes Faransé ti Brookland sí ìkíní, AppleTree Columbia Heights sí ìkejì. Ìparí oṣù Kẹta ni èsì ń jáde, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí àyè, ẹ ní títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún láti lọ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ mú ìwé tó fi hàn pé DC lẹ ń gbé dání, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ pé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà àti dókítà eyín kọ fọ́ọ̀mù wọn. Ẹ̀yin tó bá kù sórí waitlist, ẹ fi nọ́mbà skúùlù náà pamọ́ sínú fóònù yín pẹ̀lú orúkọ, torí oṣù Kẹjọ ni ìpè yẹn sábà máa ń wọlé, ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa bá wà nílé ní Nàìjíríà, tá a sì máa ń rò pé àwọn oníjìbìtì ló ń pè.